Ìran Tí Mo Gbé Kọ́ Sára Ògiri

Ohun tí ọmọkùnrin tó wá láti Èkó kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni mo máa ń mu kí n tó jókòó yàwòrán. Ó dúró síwájú òkè aláwọ̀ àlùkò kan tí mo yà, òkè náà la ojú sílẹ̀, ó ń wo ìlú bí ewúrẹ́ ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ so ó mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin náà ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ àwọn ayàwòrán sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìdí tó fi wá nìyẹn. Ó ní iṣẹ́ mi jẹ́ sàìkẹdẹ́líìkì gidi, irú ohun tí oògùn máa ń fi han ènìyàn, pé àwọn tó ń ya irú ẹ̀ lókè òkun máa ń lo nǹkan. Mo ní ògì ni mo ń mu. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Ògì náà ni mo mu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú àkàrà, mi ò sì rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mi ò sọ fún un pé ọ̀dọ̀ màámi ni gbogbo àwọ̀ yẹn ti wá. Aríran ni màámi nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Ìdànrè. Láti kékeré ni mo ti máa ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú sùtánà funfun, lẹ́sẹ̀ lásán, tí ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, tí á wá máa sọ ohun tí wọ́n fi hàn án: ojú ọ̀run tó di àwọ̀ ewé, odò Owena tó ń ṣàn gun òkè, ẹja tó wọ bàtà tó ń rìn lọ lójú títì. Àwọn ọmọ yòókù máa ń sùn. Èmi kì í sùn. Bí a bá ti délé, màá mú èédú, màá lọ yà á sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, màámi á sì nà mí nítorí pé mo ba ògiri jẹ́. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo di ẹni tó ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́, tí mo tún ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú fún ìwé ìròyìn, ojú màámi ni mo ṣì fi ń wo ayé. Ẹni tó bá ní oògùn ni mo ń lò, kó lọ bi ìjọ wa léèrè.

Àfihàn yìí ni àkọ́kọ́ tí èmi nìkan dá ṣe. Èkó ni wọ́n fẹ́ kí n ti ṣe é, mo kọ̀. Mo ní Ìdànrè ni, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà síbi tí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orí mi ti dàrú, pé ta ló fẹ́ wá wo àwòrán níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń wá ibi tí wọ́n máa sá kòkó sí. Mo ní ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó wá. Màámi ni ẹni náà, màámi kì í sì í wọ mọ́tò jáde nílùú mọ́ láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kú.

Àwa méjèèjì nìkan ni màámi bí. Láàárọ̀, àbúrò mi máa ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, á gbé ọ̀kadà rẹ̀ jáde, á máa gbé èrò lọ sí Owena, á máa gbé wọn bọ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Sinimá ló ń pe ìran màámi. “Ẹ̀gbọ́n mi, sinimá tuntun ti dé o,” ló máa ń sọ tó bá pè mí lórí fóònù, á wá rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì máa fi ohùn màámi sọ ọ́. Bó ṣe mọ̀ ọ́n rò tó, ó máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí pé ẹni tí kò ka ìran sí kì í fetí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó rò fún mi kẹ́yìn ni ti òjò pupa. Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdìbò ni. Màámi rí àwọn ènìyàn tí wọ́n tò sórí ìlà, ìlà náà gùn títí ó fi ń gun òkè lọ, ojú ọ̀run di àwọ̀ ewé, òjò pupa sì ń rọ̀. Ṣùgbọ́n orí ẹnì kan ṣoṣo lòjò náà ń rọ̀ sí. Ẹni náà kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tó yíjú padà, màámi rí i pé ọmọ òun ni. Àwọn àgbà ìjọ ní kó gbàdúrà sínú omi, kí ọmọ náà wá mu ún, kí ìran ibi náà lè padà lẹ́yìn rẹ̀. Màámi gbààwẹ̀, ó gbàdúrà. Nígbà tó gbé omi náà fún ọmọ, ọmọ ní èrò ń dúró de òun. “Ẹ bá mi gbé e sínú fíríìjì, Màámi. Bí mo bá dé, màá mu ún.” Ó tẹná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó dé, ó ti gbàgbé, màámi náà sì ti sùn.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ó wà lórí ìlà, lẹ́yìn ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé nítòsí ilé wa. Àwọn ọmọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá, wọ́n fẹ́ gbé àpótí ìbò. Wọ́n yìnbọn sókè, àwọn ènìyàn sá. Wọ́n yin òmíràn, ìyẹn kò lọ sókè. Ìyá àgbàlagbà yẹn ló sọ fún wa pé ṣe ni àbúrò mi ń ti òun wọ ilé kan nígbà tó ṣubú. Wọ́n gbé àpótí náà lọ. Wọn ò mú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, wọ́n kéde ẹni tó wọlé, àwọn kan sì jó lójú títì. Lẹ́yìn náà ni àwọn alágbára ẹgbẹ́ òṣèlú fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́ sí màámi, wọ́n ní àwọn ń bá a kẹ́dùn. Màámi ní kí wọ́n gbé e padà, pé ilé òun kì í jẹ ìrẹsì òkú.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nínú ìjọ, kò dìde mọ́ láti ríran, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò pe orúkọ ọmọ náà mọ́. Tó bá pọn dandan kó mẹ́nu bà á, “ẹni yẹn” ló máa ń sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí lọ́jọ́ kan pé kó bá mi sọ̀rọ̀, kó sunkún bó bá fẹ́ sunkún, nítorí bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó fi ohùn Ìdànrè rẹ̀, tó ń pe ọmọ ní ọma, dá mi lóhùn. Ó ní, “Wọ́n fi hàn mí, ọma mi. Wọ́n fi hàn mí kedere, mi ò sì fi tipátipá fún un lómi mu. Ta lo tún fẹ́ sọ pé ó pa á bí kì í bá ṣe èmi?”

Inú máa ń bí mi títí di òní tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó yìnbọn wà láyé. Ẹni tó fún un níbọn wà láyé. Ẹni tó jókòó sórí àga tí ìbọn yẹn gbà fún un wà láyé, ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń sanra sí i. Obìnrin tí kò ṣe nǹkan kan ló wá gbé ẹ̀bi gbogbo wọn rù. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn àwòrán wọ̀nyẹn nìyẹn. Mo fẹ́ kí màámi dúró síwájú ògiri, kó rí àwọn tó pa ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe rí gan-an, kó wá sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ìyìn àwọn ará Èkó kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Màámi ni mo ya gbogbo rẹ̀ fún.

Orí pépà lásán ni mo yà wọ́n sí, mo sì fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn wọ́n mọ́ ògiri láìsí gíláàsì. Mi ò fẹ́ràn gíláàsì, nítorí pé ojú ara ẹni ni ènìyàn máa ń rí nínú ẹ̀. Íǹkì oríṣi méjì ni mo máa ń lò. Dúdú tí mo fi ń fa ìlà, tó bá ti gbẹ, ó ti gbẹ nìyẹn, kò sóhun tí omi lè fi í ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àwọ̀ tó kù, pupa, àlùkò, àwọ̀ ewé, olómi ni wọ́n. Bí wọ́n ti wù kí wọ́n gbẹ tó, bí omi bá tún kàn wọ́n, wọn á jí. Àwọn ayàwòrán mìíràn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi fẹ́ ẹ. Mo lè padà sí ojú ẹnì kan tí mo ti yà tipẹ́, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì tútù kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n sì mú un rẹ́rìn-ín.

Mo ya ọkùnrin alágbádá kan tó jókòó sórí òkè, tó ń fa títì ọlọ́dà sẹ́nu bí ẹní ń fa ilá. Mo ya igi kòkó tó so orí ènìyàn, orí kọ̀ọ̀kan la ẹnu. Mo ya ìlà àwọn olùdìbò tí wọ́n ń wọ inú àpótí ní ènìyàn, tí wọ́n ń jáde ní àpò ìrẹsì. Igun tó gbẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn ni mo gbé òjò pupa sí. Àbúrò mi wà nínú ẹ̀, ó yíjú sí ẹni tó ń wò ó. Àwọ̀ nìkan ni mo fi yà á, mi ò fa ìlà dúdú kankan sí i lára, nítorí pé mi ò fẹ́ kí ojú rẹ̀ le. Àwọn tó gbé ìbọn, àti alágbádá tó dúró lẹ́yìn wọn tó di okùn ọrùn wọn mú, íǹkì dúdú ni mo fi ya àwọn yẹn látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n hàn gedegbe.

Àwọn ènìyàn wá, mi ò lè parọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wá láti Àkúrẹ́, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, “Ó jinlẹ̀. Ó jinlẹ̀ gan-an ni,” ó sì bọ́ síta kíákíá kí n má bàa bi í pé kí ló jinlẹ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ kan wo igi kòkó olórí ènìyàn pẹ́, ó ní òjò ló pọ̀ jù fún igi yìí, kí n tètè fín oògùn sí i. Olóṣèlú kan náà yà wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró síwájú ọkùnrin tó ń jẹ títì, ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká gẹ́gẹ́ bí tẹni inú àwòrán, ó ní kí wọ́n ya òun. Wọ́n yà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa bá a lọ, pé àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn bí irú tèmi ló ń gbé orúkọ ìlú ga.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà ni inú mi bàjẹ́. Bí ẹni tí a ya ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò bá dá ara rẹ̀ mọ̀, kí ni àwòrán wúlò fún? Àfi bí màámi bá dá a mọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ló wá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Kò dá wá. Lẹ́yìn ìsìn, òun àti àwọn ìyá ìjọ mélòó kan, pẹ̀lú wòlíì àgbà tó ń darí àdúrà, fẹsẹ̀ rìn wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun, lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n ń yẹ kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ìyá náà di ike omi àdúrà mú, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lọ sílé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Màámi náà di tirẹ̀ mú. Mo sáré lọ pàdé wọn, mo kúnlẹ̀.

Wòlíì àgbà ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wo òkè tó la ojú, ó wo igi kòkó, ó wo ọkùnrin tó ń jẹ títì. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé ó jinlẹ̀.

“Arábìnrin,” ló wí, “ta ni wọ́n fi èyí hàn?”

“Màámi ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ hàn, Bàbá. Èmi ni mo yà á.”

“Ṣé ẹ ti gbàdúrà sí i?”

Mo ní rárá o, pé àfihàn ni, pé kí àwọn ènìyàn lè wò ó kí wọ́n sì ronú ni.

Ó mi orí. “A kì í gbé ìran ibi kọ́ sára ògiri ká máa wò ó, ọmọ mi. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ṣẹ.”

Ó yẹ kí n ti rò ó tẹ́lẹ̀. Inú ìjọ yẹn ni wọ́n bí mi sí. Nínú ìjọ wa, ìran kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́ lásán. Bí aríran bá sọ ọ́ tán, tó bá jẹ́ ti ayọ̀, gbogbo ìjọ á fi àmín gbà á. Tó bá jẹ́ ti ibi, wọn á dìde dúró, wọn á gbàdúrà dá a padà síbi tó ti wá, wọn á wọ́n omi. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìran ibi tán kó padà lọ sílé lọ jẹun. Èmi wá kó ibi odindi ìlú síta, mo ń fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀pà àti mínírà kí wọ́n lè gbádùn ìwòran.

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lọ láti orí àwòrán kan dé èkejì, wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n ń wọ́n omi sórí sìmẹ́ǹtì níwájú rẹ̀. Níbi ọkùnrin tó ń jẹ títì, ìyá kan pariwo pé, “Ẹni tó ń jẹ ọ̀nà wa, Olúwa, jẹ́ kó pọ̀ ọ́!” Wọ́n ní àmín, gbọ̀ngàn mì. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ya àwòrán òṣèlú, àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó wo iṣẹ́ mi tó sì gbà pé nǹkan gbọ́dọ̀ ṣe sí i lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù máa ń pàtẹ́wọ́ ni. Ọmọkùnrin Èkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù sókè, ó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Màámi kò bá wọn gbàdúrà. Ó ti rìn tààrà lọ sí igun tó gbẹ̀yìn, bí ẹni pé wọ́n ti sọ fún un níbi tó máa ti rí i.

Mo lọ dúró tì í. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ́ ara mi láti ọjọ́ pípẹ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo ní, “Màámi, ẹ wo ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ wo àwọn tó gbé ìbọn. Ẹ wo ẹni tó di okùn wọn mú. Àwọn ló pa á. Kì í ṣe ẹ̀yin.”

Kò wo ẹ̀yìn. Ojú ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ nu eruku kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó wá pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, ó pè é bí ìyá ṣe ń pe ọmọ tó pẹ́ níta tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń tutù.

“Wá mu omi,” ló wí. “Wá mu omi kí o tó lọ.”

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ṣí ike ọwọ́ rẹ̀, ó ti bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó ti fi pa ẹnu ọmọ náà lórí pépà. Mo kígbe. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé ìyá mi ni; gbogbo ohun tí mo ń rò ni iṣẹ́ mi tó ń bàjẹ́ lójú mi. Màámi yíjú sí mi. Kò bínú, ohùn rẹ̀ sì tutù.

“Jẹ́ kí n ṣe é tán, ọma mi.”

Mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó da ìyókù sí i lórí. Àwọn àwọ̀ náà jí. Òjò pupa wọ inú àwọ̀ ewé. Ojú àbúrò mi kọ́kọ́ tàn, ó tàn ju bí mo ṣe yà á lọ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ẹnu lọ, ojú lọ. Ó ṣàn dé ìsàlẹ̀ pépà, ó ń kán sílẹ̀, ó kán sí etí sùtánà màámi. Ohun tó kù lórí ògiri ni àwọn ọkùnrin dúdú yẹn, tí wọ́n na ìbọn síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, àti ọ̀gá wọn lẹ́yìn wọn.

Màámi wò ó pẹ́. “Ó ti kúrò níbẹ̀,” ló wí. Ó yíjú sí àwọn ìyá ìjọ. “Ẹ wò ó. Ó ti kúrò lórí ìlà.”

Halelúyà ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí omi aláwọ̀ yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Kò sí àwòrán mìíràn tí mo ti rí ojú rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọkùnrin Èkó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, “Àǹtí, èyí lágbára o! Ṣé ẹ ti ṣètò ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?” Mo ní kó jáde. Mi ò sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mi ò sì tíì kábàámọ̀ ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo bá màámi lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó ká kó lè gbẹ dáadáa. Mo rò pé ohun tí mo wá ti ṣẹlẹ̀, bí kò tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. Mo bi í pé, “Màámi, ṣé ẹ ti gbà báyìí pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pa á?”

Kò dúró. “O rò pé mi ò mọ ẹni tó pa á ni? Mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ ìyá tó bí ọ̀kan nínú wọn, a máa ń kí ara wa lọ́jà. Ṣùgbọ́n wọn ò fi nǹkan kan han ìyá yẹn. Èmi ni wọ́n fi hàn. Ẹni tí wọ́n fi hàn ni wọ́n máa bi léèrè.”

“Ta ló máa bi yín?”

Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀, ó tún ń tú kòkó rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti kùnà. Kò sọ ẹrù kankan kalẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí mo dá, gbogbo íǹkì dúdú tí mo fi ya àwọn ọ̀dájú yẹn, kò gba nǹkan kan kúrò lórí rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Nígbà tó ṣe, ó sọ̀kalẹ̀ láti orí kòkó, ó jókòó tì mí. Ó ní, “Ó mu omi náà, ṣá. Ó pẹ́ kó tó mu ún, ṣùgbọ́n ó mu ún.” Ó di ọwọ́ mi mú. “Ìwọ tó mọ àwòrán yà, má yà á sórí ìlà mọ́. Yà á sínú ulé fún mi.” Ulé ló ń pe ilé, bí àwọn àgbà Ìdànrè ṣe ń pè é. “Yà á níbi tó jókòó sí tó ń jẹun, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Màá gbé ìyẹn sínú yàrá mi.”

Mo ní kò le rárá, pé kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá ti yà á.

Mo padà sí Àkúrẹ́, mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo tẹ́ pépà. Mo mọ ìbọn yà láìwo ibì kan. Mo mọ bí ara ènìyàn ṣe máa ń yí tó bá fẹ́ ṣubú. Láti ọjọ́ tó ti kú, mo ti yà á lórí ìlà, mo ti yà á nílẹ̀, mo ti yà á nínú pósí, mo ti fi ojú rẹ̀ bú ìjọba nínú ìwé ìròyìn títí ọwọ́ mi fi mọ òkú rẹ̀ dunjú. Mo wá fẹ́ yà á níbi tó ti ń jẹ ẹ̀bà, mi ò mọ bó ṣe máa ń jókòó. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa ń gbé àwo sórí itan ni àbí sílẹ̀. Mi ò mọ ọwọ́ tó fi máa ń di ife mú. Mo yà á, mo pa á rẹ́, mo tún un yà. Gbogbo ẹni tí mo bá yà, ẹni tó fẹ́ ṣubú ni.

Mo pe màámi lórí fóònù, mo ní kó bá mi rántí bí àbúrò mi ṣe máa ń jókòó jẹun. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Ó máa ń…,” kò parí ẹ̀, ó tún ní, “Ó máa ń…”

“Ọma mi,” ló wí, “ìwọ ni mo gbójú lé pé o rántí.”